Nígbà Tí A Wó Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ojú Ọ̀nà Ilé-Ìwé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi ní Ìlọ́rin níbí pe àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n wá wó ọgbà alámọ̀ tó wà láàrin wa, kí òun lè fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn. Èèyàn dáadáa ni. Ó wá kí mi ṣáájú, ó sọ fún mi. Ohun tí kò sọ ni pé wọn yóò kọ́kọ́ da omi sí ògiri náà kí ó lè rọ̀. Inú ilé ni mo wà tí mò ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí òórùn rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, òórùn amọ̀ àtijọ́ tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí omi wá kàn án lójijì. Ó jọ òórùn òjò àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ. Koríko jíjẹrà wà nínú rẹ̀, èéfín iná ìdáná àwọn tó ti kú sì wà nínú rẹ̀.

Mo gbé àga mi, mo jáde síta, mo rìn títí mo fi dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà ní òdì kejì títì, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi gbé jáde tẹ̀lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ògiri yẹn kò mà ga ju yín lọ! Kí ni yóò fi yín ṣe?"

Mo ní kó lọ gbé àga tirẹ̀ náà wá. Ó gbé e wá, ẹ̀rín kò sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn tí mo sọ fún un lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò bá ìlú wa bí ó ti rí nígbà yẹn.

Ìlú kékeré ni tiwa, láàrin Ìlọ́fà àti Odò-Ọwà, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í lè gbà bí òjò bá ti pọ̀. Mò ń sọ̀rọ̀ ìparí àwọn ọdún tí ìjọba ológun ṣì wà lórí oyè, kété kí ìbò tó dé. Ilé alámọ̀ ló pọ̀ jù, páànù ti dípẹtà lórí wọn, ewúrẹ́ sì ń sùn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Èèyàn ibẹ̀ fẹ́ràn oko, wọ́n fẹ́ràn iyán, wọ́n sì fẹ́ràn ìrìn-àjò. Ìrìn-àjò yìí gan-an ló kó bá wa. Àwọn kan lọ sí Gáná, àwọn kan lọ sí Jọ́ọ̀sì àti Káàdúná, àwọn mìíràn sì gba oko kòkó lọ. Ẹni tó bá lọ a máa sọ pé òun ń bọ̀ lọ́dún Kérésì. Kérésì a dé, òun kò ní í dé. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òrùlé a jìn, igi àjà a jábọ́, ògiri nìkan a sì ku sójú kan láàrin agbo ilé bí eyín àgbàlagbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé àwọn èèyàn wa kò rí i. Wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ilé, tí à ń pè ní ulé lẹ́nu tiwa, kì í kú lójú wọn. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí nígbà náà. Yàrá tí baba ń sùn ni sàréè rẹ̀ wà, àwọn ọmọ a sì tẹ́ ẹní lé e lórí, wọn a máa bá ayé wọn lọ. Nítorí náà, bí ilé bá di àlàpà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Bí o bá la ọkọ́ mọ́ àlàpà ẹlòmíràn, ohun tí o wí ni pé ìran wọn ti pa rẹ́. Ìjà tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọmọ ló ń bá a níbẹ̀.

Dípò kí wọ́n wó o, ńṣe ni wọ́n ń gbá ojúde rẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa ọmọdé àdúgbò ni wọ́n ń pín káàkiri àwọn àlàpà náà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kí àlejò tó bá ń kọjá má baà mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn. Kí a tó gbálẹ̀, a gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ilé náà. Baba Ẹ̀jẹ̀mu, tí í ṣe olórí àdúgbò wa, kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Wọn a dúró sójú ilé wọn pẹ̀lú pákò lẹ́nu, wọn a sì máa gbọ́ bí a ti ń kí ògiri.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ará ilé yìí!"

Ewúrẹ́ ló sábà máa ń dá wa lóhùn.

Èmi àti Dúpẹ́ ni wọ́n máa ń pín pọ̀. Agbo ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí, kíláàsì kan náà la wà, ìyá rẹ̀ sì máa ń di irun fún àwa méjèèjì ní ìjókòó kan. Ó ní èjí, ó sì mọ èèyàn sín jẹ jù. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tí mo kí ilé tán, Dúpẹ́ yóò ti yọ́ gba ẹ̀yìn ògiri, yóò sì dáhùn pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà tí ikọ́ ń dà láàmú: "Hẹn-ẹn, kú àárọ̀ o. Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé ìyá rẹ ti gún iyán tán ni?" Mo mọ̀ pé Dúpẹ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n dájúdájú. Síbẹ̀ n óò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, n óò sì sá. Ẹ̀rù máa ń bà mí láti ìgbà yẹn ṣáájú kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, mi ò ní í purọ́.

Àlàpà tí wọ́n sábà máa ń fún wa wà ní iwájú ààrò búrẹ́dì Màmá Kùmásí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa Màmá yìí dáadáa, nítorí tiwọn gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ìtàn yìí. Ìlú wa ni wọ́n bí wọn sí, Kùmásí ni wọ́n ti relé ọkọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì dàgbà sí. Nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé, wọ́n fi ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé ẹrù tí orí lè gbé, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n ti kọ́ lọ́hùn-ún. Ọkọ wọn ti kú. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga, wọ́n máa ń fi ọ̀já so ìbàdí gírígírí bí ẹni tó fẹ́ bá ẹnìkan jà, ìyẹ̀fun kì í sì í tán lápá wọn. Ọwọ́ ìdílé ìyá wọn ni wọ́n ti gba yàrá kan. Àlàpà tó kọjú sí ààrò wọn gan-an ni ilé baba wọn. Wọn kò lè gbé ibẹ̀, wọn kò sì lè sọ ohunkóhun lórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó kù sí ẹ̀yìn odi ló ni ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ, kí ni tirẹ̀ nínú ilé baba? Bí wọ́n ti ń rò nígbà náà nìyẹn.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ó rọ̀ tọ̀sán-tòru títí omi fi ń sun láti ìdí ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, oòrùn yọ, ó sì mú. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n kó aṣọ sá. Àwọn mọlémọlé mọ̀ pé òjò kọ́ ló máa ń wó ògiri. Oòrùn tó bá ràn lé òjò lórí ni. Ṣùgbọ́n kò sí mọlémọlé kankan láàrin àwa tí à ń gbálẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo kí ilé. Dúpẹ́ ti wà lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa aṣọ ya, lẹ́yìn náà ilẹ̀ ṣú.

Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló gbé amọ̀ náà dúró díẹ̀ lórí mi, ìyẹn ni mo fi wà láàyè. Mi ò lè gbé apá mi òsì. Òórùn tí mo sọ ṣáájú yẹn wà nínú imú mi, lẹ́nu mi, nínú ọ̀fun mi. Mo gbọ́ ohùn Dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀, mo sì rò pé ó ti parí, wọ́n ti dé.

Wọ́n dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró.

"Ẹ mú ọkọ́ wá! Ọmọ wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Ọkọ́ kẹ̀? Sàréè ta lo fẹ́ la ọkọ́ mọ́?"

"Ẹ fọwọ́ wà á, ẹ fọwọ́ wà á ná!"

"Ọwọ́ kọ́ ló máa wà èyí. Kí ẹnìkan sáré pe Ẹ̀jẹ̀mu, kí wọ́n wá bá wa tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé."

Mo ń gbọ́ wọn bí ẹni tó wà nínú kànga. Kò sí ìkà kankan nínú wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti gbé mi pọ̀n rí, wọ́n ti fún mi ní ìrèké rí. Wọ́n fẹ́ yọ wá, ọwọ́ wọn ni kò lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n ti kọ́ wọn pé a kì í fi irin kan ilé onílé. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó la àárín wọn kọjá.

"Ẹ kúrò lọ́nà! Baba mi ni! Bí wọ́n bá máa bínú, kí wọ́n bínú sí èmi!"

Màmá Kùmásí ti já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ ẹnìkan. Mo gbọ́ ìró ọkọ́ náà nígbà àkọ́kọ́, ìró rẹ̀ dún gbì. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé okùn kan já lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì ya bo àlàpà náà. Wọ́n yọ mí. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ Dúpẹ́. Mi ò rí i, ìyá mi fi ìró bò mí lójú. Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀, ó tó mi.

Ká ní wọn kò dúró, bóyá Dúpẹ́ ì bá yè, bóyá bákan náà ni ì bá sì rí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, mi ò sì ní í dá a lẹ́jọ́.

Wọ́n sin Dúpẹ́. Bàbá tó ń to egungun to apá mi. Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Baba Ẹ̀jẹ̀mu pe àdúgbò jọ sójú ilé wọn. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà kí ó má ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́ ni. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, lèmọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ó sì jọ pé àdúrà yóò parí gbogbo rẹ̀. Màmá Kùmásí dìde láàrin àwọn obìnrin.

"Àmín sí gbogbo àdúrà yín, ẹ̀yin baba," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ògiri kì í gbọ́ àdúrà. Ẹ jẹ́ kí a wó wọn."

Ariwo sọ. Bàbá kan ní, "Gáná ti ba obìnrin yìí jẹ́. Ó ti gbàgbé ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé Gáná," ni Màmá dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti lé mi jáde nínú ilé tí mo kọ́. Ẹ̀yin tí wọn kò lé rí lẹ máa sọ ohun tí ilé jẹ́ fún mi? Baba mi kò sí nínú ògiri yẹn. Wọ́n wà nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wó ògiri, kí a sì tọ́jú ilẹ̀. Àbí ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ó sin ọmọ ọlọ́mọ nítorí kí a lè máa gbá ojúde fún ẹni tí kò sí nílé?"

Ìyá Dúpẹ́ jókòó níbẹ̀. Baba Ẹ̀jẹ̀mu yíjú sí i. Mo ti rí ọba, mo ti rí gómìnà láti òkèèrè, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú kan àgbà, bí Baba Ẹ̀jẹ̀mu ti fi ọwọ́ ara wọn bọ́ fìlà lọ́jọ́ náà ni mo máa ń rí. Wọ́n ní, "Ohun tí àwọn baba wa ṣe dára fún ìgbà tí òrùlé wà lórí ilé. Àwa ni a kò mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí kò sí òrùlé."

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyí, ó sì rọrùn débi pé ó ṣì máa ń ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bá ti jìn, wọn yóò ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ àwọn awakọ̀ àti àwọn ìjọ, pé kí ó wá tún un ṣe tàbí kí ó wá wó o. Bí kò bá wá, àdúgbò ni yóò wó o kí òjò mìíràn tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé náà, bó ṣe ọkùnrin, bó ṣe obìnrin, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ọkọ́ mọ́ ọn, bí Màmá Kùmásí ti ṣe. Bí kò bá sí ọmọ ilé nítòsí, wọn yóò wá ẹni tó bá wọn tan. Wọn yóò gbin pèrègún sí orígun ilẹ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sí orí sàréè, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbin ẹ̀fọ́ sí i, àwọn ọmọdé lè ṣeré lórí rẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́ ilé sí i. Ọjọ́ tí onílé bá padà dé, wọn yóò ká ẹ̀fọ́, wọn yóò sì kó ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Màmá Kùmásí fi ọ̀kan kún un. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń wó ilé kan, kí wọ́n máa pe orúkọ àwọn tó gbé inú rẹ̀ sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí wọ́n parí wíwó ti baba wọn, a pe orúkọ baba wọn, ti ìyá wọn àgbà, ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ní ìparí, wọ́n ní kí a pe Dúpẹ́. Ẹnìkan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Kì í ṣe ọmọ ilé yìí mà." Màmá ní, "Ibí ló ti jáde láyé. Ó ti di ọmọ ilé." A pè é. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn.

Lẹ́yìn ìkórè iṣu, wọ́n ń wó àlàpà bí ẹni ń ṣe ọ̀wẹ̀ oko. Ọkùnrin ń wó, obìnrin ń ru amọ̀, búrẹ́dì gbígbóná ń jáde láti inú ààrò Màmá. Ó ku ẹyọ kan, òun ló sì burú jù.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Nígbà ayé ẹni tó kọ́ ọ, òun ni ilé tó ga jù nílùú. Òkè rẹ̀ ti jìn, ṣùgbọ́n ògiri iwájú rẹ̀ ṣì dúró, ó tẹ̀ wá sí ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ohun tó sọ nù sílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé. Ọmọ ẹni tó kọ́ ọ jẹ́ oníṣòwò ńlá ní Káàdúná, Bàbá Káàdúná la máa ń pè wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán padà ṣe kedere: ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ilé baba àwọn, ilé ẹjọ́ ni àwọn yóò jọ pàdé. Gbogbo èèyàn bẹ̀rù. Baba Ẹ̀jẹ̀mu pàápàá ní kí a fi í sílẹ̀ ná.

Èmi kò lè gba abẹ́ ògiri yẹn kọjá. Mo gbìyànjú. Bí mo bá ti rí òjìji rẹ̀ nílẹ̀, apá mi òsì a bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ẹsẹ̀ mi a sì dúró. Bàbá mi kọ́kọ́ bá mi wí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀ mí, nígbà tó yá wọ́n ní bí n kò bá lè lọ, kí n máa bá ìyá mi lọ sóko. Màmá Kùmásí ni kò gbà. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì jáde, wọn a di ọwọ́ mi mú, a ó sì gba ẹ̀yìn odò, ọ̀nà tó jìn, tí ìrì ti ń rin èèyàn dé orúnkún. Wọn kì í sọ pé kí n má bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Rọra tẹ ibẹ̀ yẹn, ó ń yọ̀." Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀ pé bí òjò bá dé, odò yóò kún, kò sì ní í sí ọ̀nà mìíràn ju abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ilé-ìwé mi yóò parí síbẹ̀.

Ọdún Àjíǹde dé, òjò ti ń ṣú. Bàbá Káàdúná wá sílé pẹ̀lú mọ́tò Píjò funfun. Wọ́n sanra, wọ́n lawọ́, wọ́n ń pín ṣúgà fún ọmọdé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa ni Màmá Kùmásí ti lọ kí wọn, tí wọ́n ní àdúgbò fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá sí ojúde ilé baba wọn ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Bàbá Káàdúná dé, gbogbo wa ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún àwọn àgbà ní òdì kejì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àga alápá tó dára jù nílùú, èyí tí wọ́n yá láti ilé pásítọ̀, abẹ́ ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gan-an ni Màmá gbé e sí, wọ́n sì fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ.

"Ẹ wá jókòó, Bàbá," ni Màmá wí, wọ́n kúnlẹ̀. "Ilé baba yín ni. Ojúde baba yín ló yẹ kí ẹ ti gbàlejò."

Bàbá Káàdúná rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n wòkè. Ògiri náà ń wò wọ́n. Erùpẹ̀ díẹ̀ ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀ bí àgbàdo tó ń jò nínú àpò.

"Ẹ jẹ́ kí a sún àga yẹn síwájú díẹ̀," ni wọ́n wí.

"Kí ló dé, Bàbá? Òjìji wà níbẹ̀."

"Rárá o, oòrùn dára lára. Dókítà ní kí n máa gba oòrùn."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Dókítà Káàdúná mà mọ ìlú wa o!" Bàbá Káàdúná fúnra wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jáde. Màmá Kùmásí kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n fà mí wá síwájú, wọ́n gbé apá mi tó wọ́ sókè kí Bàbá lè rí i, wọ́n sì rọ ohùn wọn sílẹ̀.

"Bàbá, ọmọ tó kù nìyí. Ibi tí ẹ̀yin kò lè jókòó sí, ibẹ̀ la ní kí ó máa gbà lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́. Kò lè kọjá. Ẹ̀yin náà kò lè jókòó. Ṣé òun ló ṣẹ̀ ni?"

Bàbá Káàdúná wo apá mi, wọ́n wo ògiri, wọ́n tún wo apá mi. Mo ń retí kí wọ́n bínú. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà, ó ti di ohùn ilé, ohùn ẹni tí kò gbé Káàdúná rí.

"Baba mi ńkọ́? Yàrá ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n wà."

"A mọ̀ ọ́n," ni Baba Ẹ̀jẹ̀mu dáhùn. "Àwa la sin wọ́n. Pèrègún ti wà nílẹ̀ fún wọn."

"Tí mo bá padà wá kọ́ ilé ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá dé ni ilẹ̀ yín."

Bàbá Káàdúná bọ́ agbádá, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé orí àga pásítọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ọkọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti di ọkọ́ mú, ó hàn lára wọn. Màmá fi bí wọn yóò ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n, kí amọ̀ má baà wó lù wọ́n. Wọ́n la ọkọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kíá, ojú wọn kún fún omi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi okùn fà á láti òkèèrè. Wọ́n kó gbogbo àwa ọmọdé jìnnà, ọwọ́ Màmá sì bo etí mi méjèèjì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo rí ohun tí n kò rí rí: láti ibi tí mo dúró, mo rí ilé-ìwé wa tààrà, páànù rẹ̀, pápá rẹ̀, agogo tó so rọ̀ lára igi.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Odò kún. Mo ń gba àárín àwọn ewébẹ̀ tó ti hù níbi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tẹ́lẹ̀ lọ sílé-ìwé, mo sì kàwé débi tí agbára bàbá mi gbé e dé.

Ìlú náà ti yí padà báyìí. Wọn kì í sin òkú sínú yàrá mọ́, ilé alámọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilé búlọ́ọ̀kù ló kù, èyí tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lókèèrè bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, igbó sì ti gba ojú fèrèsé wọn. Bàbá Káàdúná kò padà wá kọ́lé títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn kan wá lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó béèrè ibi tí ilẹ̀ bàbá àgbà òun wà, ọmọdé kan ló mú un lọ sídìí pèrègún. Obìnrin tó gbin ilá síbẹ̀ ká ilá rẹ̀ láìjiyàn. Ẹnikẹ́ni kò sì pe agbẹjọ́rò.

Ní Ìlọ́rin níbí, mo ń rí ilé tí wọ́n pa tì, tó ti di ààtàn, tí àwọn ọmọ ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sílé-ìwé. Mo ń rí àmì pupa tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kí wọ́n wó o, tí àmì náà fúnra rẹ̀ ti ń ṣá. Mi ò mọ̀wé tó láti sọ fún ìjọba bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ohun tí mo rí ni mo sọ.

Ọmọ àbúrò mi bi mí lábẹ́ máńgòrò pé ṣé ẹ̀rù ògiri ṣì ń bà mí lóòótọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bà mí, yóò sì máa bà mí lọ bẹ́ẹ̀. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin kan nílùú wa nígbà kan rí, gbogbo ìlú sì kó ọkọ́ jáde, wọ́n wó ilé tó ga jù lọ níbẹ̀ kí ó lè rí ọ̀nà gbà.